Ibi tí mo bí ọmọ kẹta sí n'Ìbàdàn: ọ̀dà ara ilé ń bó, ṣùgbọ́n dókítà ń sùn síbẹ̀

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ní mo máa kọ nǹkan nípa ibi tí mo bímọ sí, oṣù mẹ́rin rèé, gbogbo ìgbà tí mo bá ti jókòó pé mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí ni ọ̀gá mi kékeré máa ń figbe ta, torí náà ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé, ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kejì wà lábẹ́ orí ẹni tó ń mu ọmú.

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà o. Tí mo bá dárúkọ wọn, ẹlòmíì á ní wọ́n sanwó fún mi ni. Àwọn tí mo máa bú náà, mi ò ní dárúkọ wọn, ó ti pẹ́, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yíwà padà. Ẹ ṣáà fọkàn bá mi lọ.

Àkọ́bí mi, 2015, ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bí i sí, lọ́nà Moníyà. Ìyá ọkọ mi ló mú mi lọ, ibẹ̀ lòun náà bí mẹ́rin sí nínú ọmọ márùn-ún tó bí, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tó máa wọ̀ ọ́ létí. Kí n má parọ́, mo gbádùn ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé òpè ló ń lọ síbẹ̀, ẹ ò tíì débẹ̀ ni. Màmá agbẹ̀bí mọ orúkọ mi, ó bi mí ní oríkì mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, látọjọ́ yẹn Àjọkẹ́ ló ń pè mí, á fi òróró ra mí lẹ́yìn, á ní Àjọkẹ́ mi, rọra jókòó, Àjọkẹ́ mi, ṣé o jẹun. Àwa aláboyún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la jọ ń pàdé láràárọ̀ Wẹ́sìdeè, a máa kọrin, a máa jó, a máa gbàdúrà pé a ó bí bí obìnrin Hébérù. (Ẹ́kísódù orí 1 ni wọ́n ti mú àdúrà yẹn o, pé kí agbẹ̀bí tó dé làwọn obìnrin Hébérù ti ń bí. Ìgbà tó yá ni mo wá ka ibẹ̀ dáadáa, mo rí i pé Fáráò làwọn agbẹ̀bí yẹn ń dá lóhùn, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa sọ kó má fi pa àwọn lórí pé wọn ò pa ọmọkùnrin. Wọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ní agbẹ̀bí o jàre.)

Mo sì bí wẹ́rẹ́ lóòótọ́. Aago mọ́kànlá alẹ́ lọmọ jáde, ó ké, wọ́n búsórin. Ẹ̀jẹ̀ ló wá kọ̀ tí ò dá. Màmá ní ó máa dá, wọ́n fún mi lómi àdúrà mu, wọ́n pààrọ̀ aṣọ abẹ́ mi, wọ́n tún pààrọ̀ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó lè sọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ torí orí àkísà ló ń dà sí, àkísà sì ń fà á mu, béèyàn bá wò ó á dà bíi pé kò tó nǹkan. Ìgbà tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó tí mi ò sì rí ojú ìyá ọkọ mi dáadáa mọ́, ọkọ mi fárígá, ó sáré lọ dá Micra dúró lójú títì, wọ́n tẹ́ mi sẹ́yìn. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ẹ mọ Micra, ẹni mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn ẹ̀ ò lè mí dáadáa, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí tí wọ́n nà gbalaja, ojú fèrèsé lẹsẹ̀ mi yọ sí. Dírẹ́bà ò gbowó lọ́wọ́ wa. Mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń ṣàdúrà fún un.

Ọsibítù ìjọba tá a dé gbà wá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ páìǹtì méjì sí mi lára. Nọ́ọ̀sì kan ń fọ mí lẹ́sẹ̀ ó ń bú mi: ẹ máa lọ síbẹ̀ lẹ lọ jó, tó bá bàjẹ́ tán ẹ̀ ń gbé e bọ̀ wá bá wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun, àti pé mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ títí dòní ni pé ibi tí wọ́n ti pè mí ní Àjọkẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kú, ibi tí wọ́n ti bú mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà mí là. Kí ló dé tí ò lè wà pa pọ̀?

Ìkejì, 2019, mo ní ká máa sún síwájú. Ọkọ mi ti ń rówó díẹ̀, a wá lọ síbi tó dáa. Táìsì ń dán, ẹ lè wojú yín nínú ẹ̀, AC ń fẹ́ yẹ̀ẹ́, wọ́n ń gbé jùùsì wá fún aláboyún, skánì wọn ń fi imú ọmọ hàn kedere, mo ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo WhatsApp. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé dókítà tí mo ń rí lọ́sàn-án, ọsibítù mẹ́ta ló ń sáré ṣe, àti pé tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, ọmọdébìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àti mẹ́gàádì ló máa ń kù síbẹ̀. Aago méjì òru ni ìrọbí mú mi gidi. Ọmọ yẹn ń pe dókítà, fóònù ń dún, kò gbé e, ó wá ń bẹ̀ mí, ẹ má push o mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má push, dókítà ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ rí, ẹ bá mi dá a lóhùn. Ṣé nǹkan téèyàn ń dá dúró nìyẹn ni?

Ọmọ jáde ní aago mẹ́rin ku díẹ̀. Mo ní kó fún mi lábẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, torí ohun tójú mi rí lákọ̀ọ́kọ́. Ó ṣí fìríìjì, láti orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí inú ẹ̀: abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ọ̀tì àti ọbẹ̀ nínú kúlà, NEPA ti mú iná láti ìrọ̀lẹ́, wọ́n fẹ́ ṣọ́ epo jẹnẹrétọ̀ lò ni mo rò, fìríìjì ti yọ́, omi ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Mi ò mọ ohun tí mò ń wò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé oxytocin, tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ abiyamọ dúró, inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 ló yẹ kó máa wà, tí ooru bá ti ń mú un lójoojúmọ́, agbára ẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ lè gún un ní ìgò kan kó má ṣe nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ mi dá lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ló ṣe é, kì í ṣe fìríìjì yẹn. Dókítà dé ní aago márùn-ún kọjá, ó ti wẹ̀, ó ti fín sẹ́ǹtì, ó ní congratulations. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé bíìlì wá, owó dókítà wà níbẹ̀ o, pé dókítà ló gbẹ̀bí mi, wọn ò sì jẹ́ ká lọlé fún ọjọ́ méjì títí ọkọ mi fi yáwó san èyí tó kù.

Ìgbà tí mo wá lóyún ẹ̀kẹta, mo sọ fún ọkọ mi pé lọ́tẹ̀ yìí èmi ni mo máa yẹ ọsibítù wò, kì í ṣe ọsibítù ló máa yẹ̀ mí wò. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò àkọ́bí mi ni mo kọ ìbéèrè mi sí, mo kì í sínú báàgì, mo ń ti ibì kan dé ibì kan bí agbowó orí. Níbì kan lápá Challenge, mo bi wọ́n pé dókítà wo ló ń sùn síbí lóru, nọ́ọ̀sì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní màdámù, ṣé ìjọba ló rán yín ni. Níbòmíì, wọ́n ní ẹ̀yìn ilé ni dókítà àwọn ń gbé, mo ní ẹ jẹ́ n mọbẹ̀, ẹnu ń wọ́ wọn, nígbà tó yá ọ̀kan ní ó ti kó lọ Èkó láti oṣù kẹta. Ibi mẹ́rin ni mo lọ kí ìyá ọmọ kan tá a jọ máa ń dúró de ọmọ nígèètì ilé ìwé tó ní kí n lọ wo ibì kan lápá Akọ̀bọ̀. Ó ní ibẹ̀ ò rẹwà o, kí n má sọ pé òun ò sọ fún mi.

Kò rẹwà lóòótọ́. Ọ̀dà tó wà lára ògiri, àwọ̀ ewé ni, ó ti ń bó bí ìpẹ́ ẹja, bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ péré, bẹ́ǹṣì onígi ni wọ́n tò síta fún àwa tó ń dúró. Matron ibẹ̀ ga, kì í rẹ́rìn-ín, mo rò pé á lé mi ni nígbà tí mo yọ ìwé ìṣirò jáde. Ó gbọ́ ìbéèrè mi tán, kò sọ nǹkan kan, ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó ní ẹ máa bọ̀.

Fìríìjì ló kọ́kọ́ ṣí. Oògùn nìkan ló wà nínú ẹ̀. Tẹmómítà kékeré kan so mọ́ inú ẹ̀, ó wà lórí 5, wọ́n fi okùn so ìwé kan mọ́ ara ilẹ̀kùn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá rí sí i, mo yẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn títí dé oṣù méjì, kò sí ọjọ́ tí wọ́n fò àfi Sọ́ńdè kan. Mo bi í léèrè Sọ́ńdè yẹn. Ó ní òun ti bá ẹni náà jà. Sólà tí wọ́n ní, kò gbé fáànù wọ́ọ̀dù, fìríìjì yẹn àti iná tíátà nìkan ló ń gbé. Ó mú mi dé tíátà, ó ní kí n má wọlé, kí n yọjú. Ó fi àpótí kan hàn mí lára ògiri, wọ́n fi báírò pupa kọ ọ̀rọ̀ sí i, magnesium ló wà nínú ẹ̀, fún gìrì aláboyún, ó ní tí BP bá ti dé 140 lórí 90 tí ìtọ̀ sì ń fi ohun tí ò dáa hàn, òun ò ní ráyè máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri, ìdí nìyẹn tí àpótí yẹn ò fi ní àgádágodo. Lẹ́yìn ìyẹn ó mú mi lọ sí ìparí kọ́rídọ̀, ó kanlẹ̀kùn, ẹnì kan dáhùn tòun ti oorun lójú. Ó ní dókítà òru nìyẹn, méjì ni wọ́n, wọ́n ń pín in ṣe. Mo rí sílípáàsì ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo rí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù lórí wíńdò. Ẹ̀yin èèyàn mi, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín yẹn ló jẹ́ kí n san owó káàdì. Táìsì lè parọ́, sátífíkéètì ara ògiri lè parọ́, ta ló máa ń gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín síbi tí kì í sùn sí?

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ ti ń béèrè. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni káàdì, 145,000 ni owó bíbí, tó bá di iṣẹ́ abẹ, 480,000, wọ́n kọ ọ́ sórí bébà kan fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n sì buwọ́ lù ú, mo ń san án díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹrin. Ó wọ́n ju ilé ìgbẹ̀bí lọ, mo mọ̀, ẹlòmíì ò ní i. Àbúrò ọkọ mi tó wà l'Ákùúrẹ́ bí tiẹ̀ ní Mother and Child Hospital nígbà tí Mimiko ń ṣe gómìnà Oǹdó, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ abẹ náà ọ̀fẹ́ ni, ètò tí wọ́n pè ní Abíyè nígbà yẹn, 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò wọn ni pé nígbà tó yá wọn ò bá àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ jà, wọ́n ń fún wọn ní nǹkan tí wọ́n bá mú aláboyún wá sọ́síbítù dípò kí wọ́n gbẹ̀bí ẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ míì tí wọ́n á máa jẹ. Ẹni tó ronú ìyẹn mọ ìyá ọkọ mi dáadáa.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ò dáa níbi tí mo bí ẹ̀kẹta sí yìí kí n tó gbàgbé. Kílíníkì aláboyún wọn, ìyà gidi ni. Tẹ́ ẹ bá dé aago méje, nọ́ńbà 18 lẹ máa gbà, ẹ ò ní rí dókítà kó tó di ọ̀sán, bẹ́ǹṣì yẹn sì ń gé ìdí, ẹ gbé tìmùtìmù lọ. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣùgbọ́n omi kì í yọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ máa fi pọn ún. Wọn kì í fúnni lóúnjẹ. Ẹni tó ń fẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kí ìrora bíbí dunni, wọn ò ní i fún ẹni tó fẹ́ bí fúnra ẹ̀, tíátà nìkan ni wọ́n ti ń gún un. Àti Matron fúnra ẹ̀, ẹnu ẹ̀ mú! Mo sanra kíló márùn-ún láàárín oṣù kan, ó bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé ṣé ìkòkò ọbẹ̀ náà ni mò ń jẹ mọ́ ọn. Mo gbé ìjà ẹ̀ sínú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo lọ tí wọn ò wọn BP mi, tí wọn ò yẹ ìtọ̀ wò, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo lọ kí n tó bí, wọ́n ní ohun tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní káwọn èèyàn máa ṣe, ó kéré tán, láti 2016 nìyẹn, mẹ́rin ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara mi, jẹ́ 29 ní oṣù karùn-ún, wọ́n ní ẹni tó ti dà ẹ̀jẹ̀ rí bíi tèmi ò gbọ́dọ̀ wọ ìrọbí pẹ̀lú 29, ni wọ́n bá da oògùn ẹ̀jẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ẹ̀fọ́ ugu, ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà, ó di 34 kí n tó bí. Báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí iwájú káàdì mi pé ẹ̀jẹ̀ dà lára ẹni yìí lẹ́yìn ìbí ní 2015. Lẹ́nu ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì, ọkọ mi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè mí, torí ọjọ́ 35 lẹ̀jẹ̀ máa ń lò nínú àpò, tí wọ́n bá tètè fà á jù, kò ní dé ọjọ́ tí mo máa bí. Àbúrò mi tó ń fi ẹnu ṣe akọni, ó rí abẹ́rẹ́, ó dákú.

Ọjọ́ pé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ la débẹ̀, nínú Micra náà ni o, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Matron yẹ̀ mí wò, ó ní ó ti ṣí mẹ́rin, ó ku mẹ́fà, kí n dìde kí n máa rìn. Mo ní dìde kẹ̀? Ó ní ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, orí bẹ́ẹ̀dì náà ló máa wà dàárọ̀. Mò ń rìn nínú kọ́rídọ̀, mò ń di ògiri mú, ọkọ mi ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, wọ́n gbà á láyè o, pé kó wà níbẹ̀, àwọn méjì tó ṣáájú ìta ló dúró sí. Nígbà tó di bíi aago kan òru, mo ti dé ibi téèyàn ò mọ orúkọ ara ẹ̀ mọ́, mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo gbé orí lé bẹ́ẹ̀dì. Mo ń retí kí Matron ní kí n dìde, kí n wá nà sórí bẹ́ẹ̀dì kí n gbé ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe ní 2019. Ó tẹ́ rọ́bà sílẹ̀, ó jù ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún mi, ó ní, báwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é náà nìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín nínú ìrora. Torí gbogbo wa la ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ìkúnlẹ̀ abiyamọ, ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ìyá tó kúnlẹ̀ bí mi, àwọn èèyàn ń fi bú èèyàn, wọ́n ń fi ṣépè, wọ́n ń fi kọrin, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wa kò sì sẹ́ni tó ń rí orúnkún nínú ẹ̀ mọ́. Ọmọ méjì ni mo ti bí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kúnlẹ̀. Ẹ sì jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ó rọrùn ju kéèyàn nà sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n dè lọ, ara máa ń mọ ibi tó ń lọ. Matron ò mọ oríkì mi, kò béèrè, ìyá ọkọ mi ló ń kì mí lórí fóònù, ọkọ mi gbé e sórí spíkà, Àjọkẹ́, ọmọ mi, wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, Matron ní ẹ bá mi sọ fún màmá kí wọ́n rọra, àwọn tó kù ń sùn.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọkùnrin. Wọ́n gbé e lé mi láyà bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì gé ìwọ́, Matron fi ìka méjì di ìwọ́ náà mú, ó ń dúró kó dẹ́kun lílù. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní itan. Wọ́n wá gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì tẹ́ rọ́bà kan sábẹ́ mi, ó gbòòrò lókè ó wá sọ kalẹ̀ bí àpò, wọ́n fa ìlà sí i lára pẹ̀lú nọ́ńbà, bí ife tí wọ́n fi ń wọn mílíìkì ọmọ. Matron ti fi hàn mí lọ́jọ́ tí mo wá yẹ wọ́n wò. Àwọn oníwàádìí ìṣègùn dán irú ẹ̀ wò, òun àti ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró, ní ọsibítù bíi 80 ní Nàìjíríà níbí, ní Kẹ́ńyà, ní Tanzania, ní South Africa, obìnrin tó lé ní 200,000, èsì ẹ̀ jáde ní 2023, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya bí omi fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Rọ́bà lásán! Ìyàtọ̀ àárín òun àti àkísà Moníyà ni pé àkísà ń mu ẹ̀jẹ̀, rọ́bà ń kà á.

Mò ń gbọ́ bí nọ́ọ̀sì kékeré ṣe ń kà á. Ó ní 200, mìlílítà ni wọ́n fi ń kà á. Matron ń ra ikùn mi, ó le, ó dùn mí ju bíbí lọ. Ó ní 350. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní Matron, 450. Matron ò dúró de 500, ohùn ẹ̀ ò sì yí padà rárá, ó ní lọ kan dókítà. Mo gbọ́ sílípáàsì. Ẹ gbọ́ mi, mo gbọ́ sílípáàsì yẹn, paaṣà, paaṣà, láti ìparí kọ́rídọ̀ yẹn, mi ò rò pé mo tíì gbọ́ ohùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n so omi mọ́ mi lọ́wọ́, oxytocin wà nínú ẹ̀, wọ́n fi tranexamic acid, oògùn míì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tẹ̀ lé e, dókítà yẹ ojú ara mi wò bóyá ibì kan ya. Ó dúró ní 600. Ọkọ mi di ọmọ mú nígun yàrá, ó ń gbọ̀n, ó ti rò pé ti Micra ló tún dé. Wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ kankan sí mi lára. Ní ọjọ́ kejì wọ́n wá bi wá bóyá àwọn lè fún ẹlòmíì ní ẹ̀jẹ̀ tá a fi sílẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ obìnrin kan nínú wọ́ọ̀dù kejì. A ní kí wọ́n mú un. Àbúrò mi ń sọ fún gbogbo ayé báyìí pé ẹ̀jẹ̀ òun ló gba ìyẹn là.

Obìnrin yẹn, mo lọ kí i. Ojú ẹ̀ ro bí ẹni tó ṣẹ̀, ó ní àwọn ará ilé ọkọ òun ti ń sọ pé òun ò rọbí, wọ́n kàn gé ọmọ jáde fún òun ni. Inú bí mi. Ẹni tí wọ́n ya ikùn ẹ̀ sí méjì, tí kò lè rẹ́rìn-ín, tí kò lè wúkọ́, tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì á kọ́kọ́ gbàdúrà, òun lẹ ń sọ pé kò bímọ? Ẹ kú ewu náà ni mo kí i, mo kí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún. Bẹ́ǹṣì yẹn ló jẹ ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí tẹ́ ẹ fẹ́ dán bíbí fúnra yín wò, ẹ bá wọn sọ ọ́ láti oṣù kẹta, ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ti gé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sọ fún un ní wàràǹṣeṣà pé tíátà náà ni, inú ẹ̀ ò dùn, ó lọ bi ẹlòmíì, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mo máa júwe ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé ìbéèrè tiyín dání.

Ó ku nǹkan kan tí mo fẹ́ fi bú wọn. Kílẹ̀ tó mọ́, Matron bi ọkọ mi pé ṣé a máa gba ibi ọmọ àbí kí àwọn bá wa sin ín. Ọkọ mi ní a máa gbà á, ìyá òun ti gbẹ́ ilẹ̀ dè é lẹ́yìnkùlé láti ọjọ́ méjì. Wọ́n rọra dì í sínú ike funfun kan tó ní ìdérí, wọ́n fún un tọwọ́ tẹsẹ̀, inú wa dùn pé wọ́n mọ̀ wá lọ́wọ̀. Nígbà tá a délé, mo ń ka rísíìtì, mo rí i nísàlẹ̀ pátápátá: ike ibi, ọ̀kan, 500 náírà.